Real del Monte

Real del Monte jẹ́ ìlú kékeré tí wọ́n ti wa fàdákà fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ní ìpínlẹ̀ Hidalgo, ní àárín gbùngbùn Mẹ́síkò. Mineral del Monte ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ìjọba. Orí òkè Sierra de Pachuca ló wà, ó fi nǹkan bíi mítà 2,700 ga ju ojú òkun lọ, kò sì jìnnà sí Pachuca tí í ṣe olú-ìlú ìpínlẹ̀ náà. Òtútù àti kùrukùru kì í wọ́n níbẹ̀.

Pachuca ni Bartolomé de Medina, oníṣòwò ará Seville, ti gbé ọgbọ́n ìyọ fàdákà tí wọ́n ń pè ní patio jáde ní nǹkan bí ọdún 1555. Wọn a lọ òkúta tó ní fàdákà nínú kúnná, wọn a tẹ́ ẹ sí gbàgede, wọn a sì pò ó mọ́ omi, iyọ̀, mẹ́kúrì àti èròjà bàbà. Ìbaaka ní í tẹ ẹrẹ̀ náà. Ó máa ń gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kí mẹ́kúrì tó gba fàdákà mọ́ra, òtútù a sì tún mú un pẹ́ sí i. Bí èròjà bàbà bá pọ̀ jù, mẹ́kúrì á ṣòfò. Ẹfun òkúta sísun ni wọ́n fi ń dín agbára èròjà bàbà náà kù. Lẹ́yìn èyí, wọn a fọ ẹrẹ̀ dànù, wọn a fi iná lé mẹ́kúrì lọ, fàdákà á sì ṣẹ́kù.

Àmọ́ omi ló ń dá iṣẹ́ dúró jù. Bí kòtò bá ti ń jìn ni omi ń kún un. Pedro Romero de Terreros, olówó tó ni kòtò níbẹ̀, gbẹ́ ihò láti ìsàlẹ̀ òkè wọ inú iṣan fàdákà inú òkúta tí wọ́n ń pè ní Vizcaína, kí omi lè máa ṣàn jáde fúnra rẹ̀. Wọ́n parí rẹ̀ ní 1762. Ní 1766, ó dín owó iṣẹ́ kù, ó sì fọwọ́ kan partido, ìyẹn ìpín òkúta tí òṣìṣẹ́ máa ń mú lọ lẹ́yìn tó bá ti ṣe iye tí wọ́n bù fún un. Àwọn awakùsà yanṣẹ́ lódì, wọ́n sì pa aláṣẹ ìjọba tó wà lórí àgbègbè náà.

Nígbà tí wọ́n gbẹ́ kòtò kọjá ìsàlẹ̀ ihò náà, omi tún borí. Ilé-iṣẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ibẹ̀ ní 1824, wọ́n sì kó ẹ̀rọ afàmi tí oru omi gbígbóná ń mú ṣiṣẹ́ wá láti Cornwall ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Etíkun nítòsí Veracruz ni wọ́n já ẹrù sí, ibà pọ́njú sì pa púpọ̀ nínú wọn. 1826 ni ẹ̀rọ tó dé orí òkè. Wọ́n pàdánù owó ńlá, wọ́n sì tà á fún àwọn ará Mẹ́síkò ní 1849. Láìpẹ́ sígbà náà ni kòtò Rosario ní Pachuca so jìngbìnnì fún àwọn tó rà á.

Ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan rà á ní 1906, ó bọ́ sọ́wọ́ ìjọba Mẹ́síkò ní 1947. Kòtò Acosta ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ohun tí àwọn ará Cornwall fi sílẹ̀ níbẹ̀ ni itẹ́ òkú wọn àti paste, oúnjẹ tó jọ míìtì páì: ẹran, ọ̀dùnkún àti àlùbọ́sà nínú ìyẹ̀fun tí wọ́n ṣẹ́ etí rẹ̀ nípọn. Etí yìí ni awakùsà fi ń dì í mú bí ọwọ́ rẹ̀ bá dọ̀tí. Àwọn ará Mẹ́síkò ló wá fi ata sí i.