Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń bẹ̀rù béárì, eégbọn ńkọ́?

Bí mo bá ti ní ká lọ sùn nínú igbó lópin ọ̀sẹ̀ báyìí, ohun táwọn èèyàn wa ní Atlanta níbí máa kọ́kọ́ bi mí ni pé ṣé kò sí béárì níbẹ̀. Béárì dúdú wà o, mi ò ní purọ́ fún yín, ilé wọn ni àwọn òkè apá àríwá Georgia yẹn. Àmọ́ gbogbo ìgbà tí mo ti ń kó ìdílé lọ sí Amicalola Falls, ọgbà ìgbafẹ́ kan lórí àwọn òkè náà, béárì ò lé wa wálé rí. Òtútù ti lé wa wálé, bàtà tuntun tó bó èèyàn lẹ́sẹ̀ náà ti lé wa wálé, eégbọn wá ni bàbá gbogbo ẹ̀.

Eégbọn tibí kì í ṣe gìrìwò tẹ́ ẹ mọ̀ lára màlúù o, òmíì ò tó hóró atare, ẹ ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé ó ti gùn yín. Ọ̀kan wà tí wọ́n ń pè ní lone star tick, abo ẹ̀ ní àmì funfun kan ṣoṣo lẹ́yìn, ó pọ̀ gan-an ní apá gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà níbí. Tí èyí bá bu èèyàn jẹ, ó lè sọ ẹran di èèwọ̀ fún un. Mi ò ṣàwàdà. Alpha-gal lorúkọ àìsàn yẹn, ara èèyàn á kàn bẹ̀rẹ̀ sí í gbógun ti ṣúgà kan tó wà nínú ẹran àwọn ẹranko tó ń fọ́mọ lọ́mú, màlúù, ewúrẹ́, àgùntàn, ẹlẹ́dẹ̀, àti pọ̀nmọ́ náà o. Ohun tí kì í jẹ́ kéèyàn tètè fura ni pé kì í ṣe lójú ẹsẹ̀ ló ń ṣeni, ó tó wákàtí 2 sí 6 lẹ́yìn oúnjẹ, ẹni tó jẹ àsun lálẹ́ á wá jí ní ààjìn tí gbogbo ara ẹ̀ ń yún, tí inú ń lọ́ ọ, ẹlòmíì ò ní lè mí dáadáa, ọsibítù ló kàn nìyẹn. Ẹja àti adìẹ ò ní wàhálà kankan, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ máa ṣàlàyé ara ẹ̀ ní gbogbo òde ìnáwó?

Torí náà ẹ wọ ṣòkòtò gígùn, kẹ́ ẹ ki ẹnu ẹ̀ bọ inú sọ́ọ̀kì. Mo mọ̀ pé kò bẹ́gbẹ́ mu. Ẹ fín permethrin, oògùn tó ń pa kòkòrò, sára aṣọ àti bàtà kẹ́ ẹ tó wọ̀ wọ́n, kó gbẹ dáadáa, kò gbọ́dọ̀ kan ara, DEET, oògùn tó ń lé kòkòrò, ni tara. Tẹ́ ẹ bá délẹ̀ lálẹ́, ẹ yẹ ara yín wò, abíyá, ẹ̀yìn etí, ẹ̀yìn orúnkún, àárín irun dídì àwọn ọmọ. Tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ fi ẹ̀mú kékeré tí wọ́n fi ń fa irun ojú mú un níbi tó ti kan awọ ara gan-an, kẹ́ ẹ fà á jáde ní tààrà. Ẹ má lọ́ ọ, ẹ má da kẹrosíìnì sí i, ẹ má finá jó o. Bí ibà bá dé láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan sígbà yẹn, ẹ sọ fún dókítà pé eégbọn bù yín jẹ.

Òtútù ló tẹ̀ lé e. Bí Atlanta bá móoru, kò ní kí orí òkè móoru, aṣọ òwú àti jíǹsì tó bá ti tutù ò sì ní gbẹ bọ̀rọ̀, yóò kàn máa fa ooru kúrò lára yín ni. Aṣọ polyester tàbí ti irun àgùntàn ni kẹ́ ẹ wọ̀. Ẹ tẹ́ nǹkan tó nípọn sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó sùn, torí bó ti wù kí búláńkẹ́ẹ̀tì pọ̀ tó, ilẹ̀ á ti abẹ́ fi òtútù gbá yín mú.

Omi tó ń já bọ́ ní Amicalola ga tó ẹsẹ̀ bàtà 729, àtẹ̀gùn 604 ni wọ́n fi ń gùn ún dókè. Ẹ̀yin tí orúnkún ń dùn, mọ́tò ń dé òkè, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Ibẹ̀ náà ni ọ̀nà tó lọ sí Springer Mountain wà, níbi tí Appalachian Trail, ọ̀nà gígùn táwọn èèyàn ń fẹsẹ̀ rìn gba orí òkè, ti bẹ̀rẹ̀. Máìlì 8.5 ni, àwọn kan á gbọ́ 8.5, wọn á gbàgbé pé àwọn ṣì ń bọ̀ wá padà. Ẹ̀gbọ́n kan bá wa lọ, ó dá gbéra ní aago kan ọ̀sán láìmú tọ́ọ̀ṣì, fóònù ò gbé nẹ́tíwọ́ọ̀kì, aago mẹ́sàn-án kọjá ká tó rí i. Ẹ dá àkókò tẹ́ ẹ máa yí padà kẹ́ ẹ tó gbéra, tó bá ti lù, ẹ yí padà, ibi yòówù kẹ́ ẹ dé.

Ní ti béárì tẹ́ ẹ̀ ń bi mí, òórùn ló ń pè é. Ìyá kan gbé ẹ̀fọ́ rírò tí panla kún inú ẹ̀ wọnú àgọ́ pé káwọn èèrà má bàa bò ó, mo fẹ́ẹ̀ dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ wọ́n ni. Búùtù mọ́tò loúnjẹ ń sùn, ọṣẹ ìfọyín náà ńkọ́, ibẹ̀ náà ni.

Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ má tíì da aṣọ sómi. Ẹ kọ́kọ́ kó wọn sínú dráyà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ aṣọ, kó gbóná dáadáa fún iṣẹ́jú 10, ooru yẹn ló ń pa eégbọn, omi ìfọṣọ lè má pa á.