Fótókọ́pì kọ́: ohun tí iṣẹ́ James McBey lè kọ́ ẹni tó fẹ́ ra àwòrán

Oníbàárà á wo ìdí bébà, á rí 7/30, ìyẹn ìkeje nínú ọgbọ̀n, tí a fi pẹ́ńsùlù kọ, ojú rẹ̀ á sì fà ro. "Ṣé mọ́kàndínlọ́gbọ̀n mìíràn tún wà níta ni? Fótókọ́pì wá nìyẹn!" Rárá o. Ẹ jẹ́ kí n fi James McBey ṣàlàyé, ayàwòrán tó ń fín àwòrán sára bàbà kó tó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, torí òun kò ní ọ̀gá kankan tó kọ́ ọ níṣẹ́ yìí.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Newburgh ní Aberdeenshire, ní Scotland, ni wọ́n bí i sí ní 1883. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ti di akọ̀wé báńkì ní Aberdeen. Ìwé kan tó rí ní ilé ìkàwé, tí Maxime Lalanne ará Faransé kọ, ló fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń fín bàbà. Kò rówó ra ẹ̀rọ ìtẹ̀wòrán, ló bá fi ẹ̀rọ onígi méjì tí wọ́n fi ń fún omi aṣọ nílé tẹ àwọn iṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́.

Báyìí ni iṣẹ́ náà ṣe ń lọ. A ó fi ìda fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo pẹlẹbẹ bàbà, a ó fi abẹ́rẹ́ ya àwòrán sínú ìda náà títí bàbà á fi hàn, a ó wá rì í sínú ásíìdì. Ẹni tó bá mọ àdìrẹ ẹlẹ́kọ ti mọ ìdajì ọ̀rọ̀: ibi tí ẹ̀kọ bò, aró kì í mú un. Ibi tí abẹ́rẹ́ gbà nìkan ni ásíìdì ń jẹ. Bó bá ṣe pẹ́ níbẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni ilà á ṣe jìn tó, tí yóò sì dúdú tó lórí bébà.

Lẹ́yìn náà la ó yọ ìda kúrò, a ó fi íǹkì kun bàbà, a ó wá nù ún kó lè ku ti inú ilà. A ó tẹ́ bébà tútù lé e, ó di inú ẹ̀rọ. Nínù yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà, torí ọwọ́ la fi ń nù ún, ọ̀tun sì ni fún bébà kọ̀ọ̀kan. McBey a máa mọ̀ọ́mọ̀ fi íǹkì díẹ̀ sílẹ̀ lójú bàbà kó lè di kùrukùru tàbí òjìji. Bébà àtijọ́ ló sì máa ń wá kiri fún iṣẹ́ rẹ̀.

Ó fi báńkì sílẹ̀ ní 1910. Ní 1911, wọ́n pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ ní Goupil Gallery ní London, ọjà sì tà. Ní 1917, ìjọba rán an lọ sí Íjíbítì àti Palestine láti máa ya ogun, ó bá àwọn ọmọ ogun Ọsirélíà tó ń gun ràkúnmí wọ aṣálẹ̀ Sinai. Ibẹ̀ ni "Dawn: Camel Patrol Setting Out" ti wá, tó tẹ̀ ní 1919. Lójú tèmi, kò ṣe iṣẹ́ tó jù ú lọ.

Kí ló dé tí a fi ń dúró sí ọgbọ̀n? Bí ẹ̀rọ ṣe ń tẹ bàbà ni ilà ń kú díẹ̀díẹ̀. Èyí tí a fi abẹ́rẹ́ fà sára bàbà gbalasa, láìsí ásíìdì, ló tètè ń kú jù.

Ní àwọn ọdún 1920, bí ìpín ilé-iṣẹ́ làwọn olówó ń ra irú iṣẹ́ yìí. Nígbà tí ọjà ìpín wó ní 1929, ọjà tiwa náà wó. McBey ra ilé sí Tangier ní Mòrókò ní 1932, ibẹ̀ ló sì kú sí ní 1959.

Bí wọ́n bá gbé ọ̀kan wá fún yín, ẹ yí i síbi ìmọ́lẹ̀. Etí pẹlẹbẹ bàbà máa ń tẹ bébà wọlé yí àwòrán ká. Àwọn ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ lè ṣe ayédèrú àmì yẹn o, nítorí náà ẹ wo ilà fúnra rẹ̀: íǹkì rẹ̀ máa ń ga sókè díẹ̀ lójú bébà. Ti fótókọ́pì máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ.