Nọ́ọ̀sì Tí Ó Fẹ́ Ológun, Tí Ó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ti Òkè Òkun Dé: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ní ọjọ́ 7 oṣù Kejì ọdún 2024, NMCN, ìyẹn Kánsù tí ó ń ṣàkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ní Nàìjíríà, fi ìwé ìlànà kan síta pé láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹta, òun kò ní jẹ́rìí ìwé nọ́ọ̀sì fún ilẹ̀ òkèèrè mọ́, àfi bí onítọ̀hún bá ti lo ọdún méjì ó kéré tán lẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn tí ó gba láísẹ́ǹsì. Àwọn nọ́ọ̀sì fẹ̀hónú hàn ní Abuja nítorí rẹ̀. Láti ìgbà náà, bí ọ̀rọ̀ yìí ti ń ti ẹnu dé ẹnu ni ó ń yí padà, débi pé àwọn obìnrin tí ọkọ wọn jẹ́ ológun, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bá ọkọ wọn ti òkè òkun dé sí Abuja tàbí Kaduna, ń bẹ̀rù pé àwọn náà ní láti jókòó ọdún méjì kí wọ́n tó ríṣẹ́ ṣe.

Ìbéèrè: Ṣé òótọ́ ni pé ẹni tí ó ti òkè òkun dé gbọ́dọ̀ dúró fún ọdún méjì?

Rárá.

Ìbéèrè: Kí wá ni òfin ọdún méjì yẹn ń sọ?

Ẹni tí ó ń jáde lọ ni ó ń bá wí. Kí Kánsù orílẹ̀-èdè mìíràn tó gba nọ́ọ̀sì wa síwèé, yóò kọ́kọ́ bi NMCN bóyá ọmọ rẹ̀ ni lóòótọ́, èsì ìbéèrè yẹn sì ni wọ́n fi òfin dè. Ìwé ìlànà náà tún béèrè fún lẹ́tà ìwà rere láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá àgbà ibi tí nọ́ọ̀sì ti ń ṣiṣẹ́ àti láti ilé ẹ̀kọ́ tí ó ti jáde gbẹ̀yìn, ó sì sọ pé ètò náà yóò gbà tó oṣù mẹ́fà, ó kéré tán. Kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti bá ọkọ rẹ̀ rìnrìn àjò. Ṣùgbọ́n bí obìnrin bá fẹ́ ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ń lọ, oṣù mẹ́fà yẹn lè jẹ nínú àkókò tí wọn yóò lò níbẹ̀, nítorí náà, ìgbà tí ìròyìn ìrìn àjò bá kọ́kọ́ jáde ni ó yẹ kí ó kọ̀wé, kì í ṣe ìgbà tí wọ́n bá ń di ẹrù.

Ìbéèrè: Mo gbọ́ pé òfin kan ní Amẹ́ríkà jẹ́ kí láísẹ́ǹsì ìyàwó ológun máa tẹ̀ lé e kiri. Ṣé ó kàn wá?

Kò kàn wá. Àwọn ológun Amẹ́ríkà àti ìdílé wọn ni wọ́n ṣe àtúnṣe òfin yẹn fún ní oṣù Kíní ọdún 2023, nítorí pé ní ọ̀dọ̀ wọn, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó ń fún nọ́ọ̀sì ní láísẹ́ǹsì tirẹ̀. Ní Nàìjíríà, Kánsù kan ṣoṣo ni a ní: láísẹ́ǹsì tí ẹ fi ń ṣiṣẹ́ ní Ìlọrin náà ni ẹ óò fi ṣiṣẹ́ ní Sokoto. Ó dùn mọ́ni láti rí ohun kan tí ó rọrùn ní ọ̀dọ̀ tiwa ju ti Amẹ́ríkà lọ.

Ìbéèrè: N kò ṣiṣẹ́ rárá ní gbogbo ọdún tí a fi wà lọ́hùn-ún. Ṣé láísẹ́ǹsì mi ti kú?

Ohun méjì ni àwọn ènìyàn ń dà pọ̀ níbí. Ìforúkọsílẹ̀ yín gẹ́gẹ́ bí nọ́ọ̀sì kì í parẹ́ nítorí pé ẹ rìnrìn àjò. Láísẹ́ǹsì tí ẹ fi ń ṣiṣẹ́ ni a máa ń sọ di ọ̀tun ní ọdún mẹ́ta-mẹ́ta, bí ẹ bá sì ti pẹ́ lẹ́yìn odi, ó ṣeé ṣe kí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá. Kí wọ́n tó sọ ọ́ di ọ̀tun, wọn yóò béèrè ẹ̀rí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí Kánsù sọ di dandan, èyí tí àwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní MCPDP. Ohun tí ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ ṣe nìyí, kí ẹ tó kọ ìwé ìwáṣẹ́ kankan, nítorí pé ilé ìwòsàn tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní ka ìwé yín dé ìsàlẹ̀ bí láísẹ́ǹsì bá ti kú.

Ní ti àwọn ọdún tí ẹ kò fi ṣiṣẹ́, ẹ má ṣe fi wọ́n pa mọ́. Ìyàwó ológun tí wọ́n rán lọ sí iléeṣẹ́ aṣojú Nàìjíríà máa ń gbé lábẹ́ ipò aṣojú ìjọba, èyí tí Àdéhùn Vienna ti ọdún 1961 ń darí, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ni kò sì ní jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ olówó oṣù láìkọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba wọn. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní gbólóhùn kan, kí ẹ so ẹ̀dà ìwé tí wọ́n fi rán ọkọ yín lọ sí òkè òkun mọ́ ọn. Àlàfo tí a ṣàlàyé kì í dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Èyí tí a fi ọjọ́ èké dí ni mátírọ́ọ̀nù yóò fura sí.

Ìbéèrè: Iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni mo fi sílẹ̀ nígbà tí a ń lọ. Ṣé mo lè padà sí i?

Bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀ ni yóò sọ. Ìlànà iṣẹ́ ìjọba fàyè gbà á kí òṣìṣẹ́ gba ìyọ̀ǹda láti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ fún ìgbà kan, láìgba owó oṣù, kí ó lè wà pẹ̀lú ọkọ tàbí aya rẹ̀. Bí ẹ bá ní lẹ́tà ìyọ̀ǹda yẹn, ẹ mú un lọ kí ẹ sì fi ara hàn lẹ́nu iṣẹ́ kí ọjọ́ tí ó wà nínú rẹ̀ tó kọjá. Bí ẹ kò bá ní lẹ́tà, ẹni tí ó sá kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ni ìwé ìjọba yóò pè yín. Bí owó oṣù bá tún ń wọ àkáǹtì yín ní gbogbo ìgbà yẹn, ẹ má ṣe kà á sí oríire: ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, Ààrẹ Tinubu pàṣẹ pé kí àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n ti kó lọ sí òkè òkun tí wọ́n sì ń gba owó oṣù dá a padà.

Ìbéèrè: Òkè òkun ni mo ti kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, n kò forúkọ sílẹ̀ níbí rí.

NMCN gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà yín síwèé kí ẹ tó fọwọ́ kan aláìsàn. Bí ẹ kò bá tíì kúrò lọ́hùn-ún, ẹ jẹ́ kí ilé ẹ̀kọ́ yín àti Kánsù ibẹ̀ fi ẹ̀rí ránṣẹ́ tààrà.

Ìbéèrè: Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ sí í wáṣẹ́?

Ní Abuja, National Hospital wà, ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti yunifásítì wà ní Gwagwalada, ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Jabi, ti FCT sì wà ní Wuse, Maitama àti Asokoro. Ní Kaduna, 44 Nigerian Army Reference Hospital ni gbogbo bárékè mọ̀. Ṣùgbọ́n ìjọba kì í gbani síṣẹ́ lójoojúmọ́, jíjẹ́ ìyàwó ọ̀gá kì í sì í ṣe ìwé ẹ̀rí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ń lò ó bẹ́ẹ̀. Ilé ìwòsàn aládàáni ní Kubwa tàbí Gwarinpa lè tètè gbà yín, owó rẹ̀ lè kéré, ṣùgbọ́n yóò dá ọwọ́ yín padà sínú iṣẹ́. Ẹ kọ́ Hausa pẹ̀lú. Ìyá arúgbó tí inú ń run ní Kaduna kò ní fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ibi tí ó ti ń dùn ún.

Ìbéèrè: Ẹnì kan ní òun mọ ènìyàn tí yóò bá mi sọ láísẹ́ǹsì di ọ̀tun láìlọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kankan.

Ẹ má fún un lówó.

Ìbéèrè: Bí wọ́n bá tún gbé ọkọ mi lọ sí Maiduguri lẹ́yìn oṣù mẹ́fà ńkọ́?

Láísẹ́ǹsì yín yóò bá yín lọ. Bí iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni, ẹ lè kọ̀wé béèrè pé kí wọ́n gbé yín lọ sí ibẹ̀. Bí ti aládàáni ni, ẹ kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ ní àkókò tí ó yẹ, ẹ má sì kúrò níbẹ̀ láìgba lẹ́tà ìwà rere lọ́wọ́ ọ̀gá àgbà, nítorí pé bí ọkọ yín bá tún gba ìwé òkè òkun lọ́jọ́ kan, irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ gan-an ni NMCN yóò béèrè.