Ìdínkù ẹja kọ́ọ̀dù ní àríwá òkun Àtìláńtíìkì

Kọ́ọ̀dù (Gadus morhua) jẹ́ ẹja omi tútù tó ń gbé ní àríwá òkun Àtìláńtíìkì, láti etíkun Amẹ́ríkà àti Kánádà títí dé Nọ́wè àti Rọ́ṣíà. Àwọn ará Nọ́wè máa ń kọ́ ọ sórí igi kí afẹ́fẹ́ òtútù fi gbẹ ẹ, púpọ̀ nínú pańla gbígbẹ tí wọ́n ń tà lọ́jà Nàìjíríà sì wá láti ibẹ̀. Láti àárín ọ̀rúndún ogún ni ẹja yìí ti dín kù gidigidi ní ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń pa á. Ìpajù àti àyípadà ojú-ọjọ́ ló fà á, ṣùgbọ́n èyí tó ṣáájú nínú méjèèjì yàtọ̀ láti òkun kan sí èkejì.

Newfoundland

Newfoundland, ní ìlà oòrùn Kánádà, ni ọ̀rọ̀ náà ti le jù. Ìṣàn omi tútù láti Labrador àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ti Gulf Stream pàdé nítòsí Grand Banks, níbi tí òkun kò ti jìn púpọ̀ tí oúnjẹ ẹja sì pọ̀ yanturu. Nígbà tí John Cabot dé àgbègbè yìí ní 1497, ìròyìn tó dé Yúróòpù ni pé agbọ̀n lásán tó fi gbọ́n ẹja nínú omi. Fún ohun tó lé ní irinwó ọdún lẹ́yìn náà, ìwọ̀, okùn àti àwọ̀n kéékèèké ni wọ́n fi ń pa á. Wọ́n á fi iyọ̀ sí i, wọ́n á sì gbẹ ẹ. Ojúlówó rẹ̀ ń lọ sí Pọ́túgà àti Sípéènì. Èyí tí kò dára ni wọ́n ń kó lọ sí àwọn erékùṣù Karibéánì láti fi bọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú sí oko ìrèké.

Ní 1954, ọkọ̀ Fairtry ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọkọ̀ ńlá ni, ó lè wọ́ àwọ̀n nísàlẹ̀ òkun, kó gé ẹja, kó sì sọ ọ́ di yìnyín láì padà sí èbúté. Kò pẹ́ tí irú rẹ̀ fi ń ti Soviet, Sípéènì, Pọ́túgà àti Jámánì wá, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń fi ìró wá ẹja lábẹ́ omi. Ní 1968, kọ́ọ̀dù tí wọ́n pa níbẹ̀ tó 810,000 tọ́ọ̀nù. Ní 1978, kò tó 150,000 mọ́.

Kánádà na ààlà òkun rẹ̀ dé 200 máìlì ní 1977, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àjèjì sì kúrò. Ó yẹ kí ẹja sinmi nígbà náà, àmọ́ ọkọ̀ Kánádà fúnra rẹ̀ ló rọ́pò wọn, iye tí ìjọba ń fààyè gbà lọ́dọọdún sì ga jù. Ìṣirò ló ṣì wọ́n lọ́nà. Kọ́ọ̀dù máa ń kó ara jọ síbi kan, nítorí náà bí èyí tó kù bá tilẹ̀ ti kéré, ọkọ̀ tó ní ẹ̀rọ á ṣì máa rí ẹja kó. Ohun tí àwọn ọkọ̀ yìí ń kó wálé ni àwọn onímọ̀ wò tí wọ́n fi rò pé ẹja ń pọ̀ sí i. Àwọn apẹja etíkun, tí àwọ̀n tiwọn ń gbófo, ti ń pariwo láàárín àwọn ọdún 1980 pé ẹja ń tán lọ. Ìgbà tí wọ́n fi dá wọn lóhùn, ó ti pẹ́ jù.

Ní ọjọ́ 2 oṣù Keje 1992, John Crosbie, mínísítà tó ń bójú tó ẹja pípa, kéde pé kí wọ́n dáwọ́ dúró fún ọdún méjì. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ nǹkan bí 30,000 ènìyàn. Ẹja tó kù nínú òkun kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún iye àtijọ́ lọ.

Omi ibẹ̀ tutù ju bó ṣe yẹ lọ ní àkókò yẹn, kápílìn, ẹja kékeré tí kọ́ọ̀dù fi ń ṣe oúnjẹ, sì wọ́n gan-an ní 1991. Àwọn kan tìtorí èyí di gbogbo ẹ̀bi ru òtútù. Àlàyé náà kò tó. Kọ́ọ̀dù ti la òtútù kọjá rí, ṣùgbọ́n àgbà ẹja pọ̀ nínú òkun nígbà yẹn. Abo ńlá kan ṣoṣo lè yé ẹyin tó lé ní mílíọ̀nù mélòó kan lọ́dún. Àwọn yẹn ni àwọ̀n ńlá ti kó tán kí òtútù tó dé. Edé àti akàn ló jèrè ìyípadà náà, àwọn sì ni ọ̀pọ̀ apẹja yíjú sí.

Ọdún méjì náà di 32. Oṣù Kẹfà 2024 ni ìjọba tó fòpin sí òfin náà, tó sì fààyè gba 18,000 tọ́ọ̀nù, èyí tí kò tó ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí wọ́n pa ní 1968.

Gulf of Maine

Ooru ni ìṣòro níhìn-ín, ní apá òkun tó wà létíkun àríwá ìlà oòrùn Amẹ́ríkà. Òkun ló ń gba ohun tó ju ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún ooru tí gáàsì tí iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ń tú sáfẹ́fẹ́ há mọ́ ayé. Omi gbígbóná kì í gba ọ́síjìn dúró tó omi tútù, bẹ́ẹ̀ sì ni ara ẹja ń fẹ́ ọ́síjìn sí i bí omi bá ṣe ń gbóná. Láàárín 2004 sí 2013, Gulf of Maine gbóná kíákíá ju ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún òkun àgbáyé. Ìwádìí tí onímọ̀ nípa òkun, Andrew Pershing, ṣáájú ní 2015 fi hàn pé àwọn aláṣẹ dín iye tí wọ́n lè pa kù, síbẹ̀ ẹja ń tán lọ, nítorí pé ìṣirò wọn kò ka ooru sí. Àwọn onímọ̀ mìíràn tako apá kan àlàyé yìí, wọn ò sì tíì panu pọ̀. Ní 2014, kọ́ọ̀dù ibẹ̀ ti wá sílẹ̀ sí ìdá mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún iye tó yẹ.

Òkun Barents

Lókè Nọ́wè àti Rọ́ṣíà, ooru kọ́kọ́ ṣe kọ́ọ̀dù lóore. Yìnyín sún sẹ́yìn, ẹja sì rí àyè tuntun jẹun sí i ní àríwá. Láti àwọn ọdún 1970 ni orílẹ̀-èdè méjèèjì ti ń jọ pinnu iye tí wọ́n máa pa, ìyẹn náà sì ṣe pàtàkì: ooru nìkan ò lè mú ẹja tí wọ́n ti pa tán pọ̀. Ní 2013, iye náà dé mílíọ̀nù kan tọ́ọ̀nù. Láti ìgbà náà, ọmọ ẹja tó ń yè dàgbà kò pọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Fún 2025, 340,000 tọ́ọ̀nù ni wọ́n fẹnu kò lé lórí, èyí tó kéré jù láti 1991 títí di ìgbà náà.