Íńtánṣípù MPP ní Amẹ́ríkà: ìwé ló ń ṣáájú iṣẹ́

Oyè MPP, ìyẹn másítáàsì nínú ìmọ̀ ìlànà ìjọba, sábà máa ń gba ọdún méjì ní Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ni kì í jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ gbà á láìṣe íńtánṣípù, ìyẹn iṣẹ́ ìkọ́ṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀; ìsinmi tó wà láàárín ọdún kìíní àti ọdún kejì, láti oṣù Karùn-ún sí oṣù Kẹjọ, ni wọ́n sì máa ń fi sí. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan ń béèrè wákàtí 300, àwọn míì ń béèrè 400.

Ẹni tó bá ń ṣe wákàtí 40 lọ́sẹ̀ yóò rò pé ọ̀sẹ̀ 10 ti tó fún 400. Ṣùgbọ́n tó bá bẹ̀rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà, ọjọ́ 19 oṣù náà àti ọjọ́ 4 oṣù Keje máa dúró dè é lọ́nà. Ọlidé ni méjèèjì. Bí wọ́n bá bọ́ sí ọjọ́ iṣẹ́, wákàtí 16 ti wọlẹ̀, ó ku 384. Ọ̀sẹ̀ 11 ni kí èèyàn ti bá ibi iṣẹ́ dúnàádúrà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Wákàtí kọ́ ló ń dá àwọn tó wá láti òkè òkun lágara jù. Ẹni tó ti ṣe SIWES ní Nàìjíríà lè rò pé òun mọ ọ̀nà: kó gba lẹ́tà, kó lọ síbi iṣẹ́, kó máa kọ lọ́ọ́gì búùkù, kí ọ̀gá buwọ́ lù ú. Ibi tí gbẹgẹdẹ ti ń gbiná gan-an nìyẹn. Ẹni tó ní físà F-1, ìyẹn físà akẹ́kọ̀ọ́, kò gbọdọ̀ ṣe íńtánṣípù lóde ọgbà ilé ẹ̀kọ́ láìkọ́kọ́ gba àṣẹ iṣẹ́ tó bá ẹ̀kọ́ rìn, tó ń jẹ́ CPT, kò sì lè gbà á àfi tó bá ti kàwé ní kíkún fún odidi ọdún ẹ̀kọ́ kan. Òfin yọ àwọn ẹ̀kọ́ gíga tó pọn iṣẹ́ ní dandan láti ọjọ́ kìíní sílẹ̀, àmọ́ MPP kì í sábà wà lára wọn.

Lẹ́tà ibi iṣẹ́ ló ń kọ́kọ́ jáde: ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ṣe, àdírẹ́sì, iye wákàtí lọ́sẹ̀, ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ ìparí. Olùdámọ̀ràn ẹ̀kọ́ á fọwọ́ sí i pé ó bá ẹ̀kọ́ mu, akẹ́kọ̀ọ́ á forúkọ sílẹ̀ fún kọ́ọ̀sì íńtánṣípù níbi tí wọ́n bá ti ń béèrè rẹ̀, ìgbà náà ni DSO, òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè, á tẹ I-20 tuntun, ìwé tí ilé ẹ̀kọ́ fi ń jẹ́rìí sí ipò akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè. Orúkọ ibi iṣẹ́ àti déètì méjèèjì wà lójú ewé kejì, àṣẹ náà kò sì kọjá wọn. Bí ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ bá jẹ́ ọjọ́ kẹsàn-án oṣù, tí ọ̀gá ní kó wá ní ọjọ́ kẹfà kó wá bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ti ṣiṣẹ́ láìgbàṣẹ nìyẹn. Bí iṣẹ́ bá fẹ́ gùn sí i, kó tó di ọjọ́ ìparí ni kó ti gba àfikún.

Lẹ́yìn tí I-20 yìí bá jáde ni ẹni tí kò tíì ní nọ́ńbà Social Security, nọ́ńbà tí ìjọba fi ń mọ òṣìṣẹ́, á lọ gbà á. Ibi iṣẹ́ tó ń sanwó máa ń yọ 7.65% láti inú owó oṣù fún Social Security (owó ìfẹ̀yìntì) àti Medicare (ìtọ́jú ìlera àwọn àgbàlagbà), àmọ́ owó yìí kò kan akẹ́kọ̀ọ́ F-1 tí kò tíì lo ju ọdún kàlẹ́ńdà márùn-ún lọ ní Amẹ́ríkà. Àwọn tó ń san owó oṣù kì í sábà rántí. Kí akẹ́kọ̀ọ́ yẹ ìwé owó oṣù àkọ́kọ́ wò dáadáa.

Àìgbowó kì í ṣe àìgbàṣẹ. Ọ̀pọ̀ DSO ń béèrè CPT fún íńtánṣípù ọ̀fẹ́ náà, bí ilé ẹ̀kọ́ bá sì so ó mọ́ kírẹ́díìtì, akẹ́kọ̀ọ́ á san owó kírẹ́díìtì kó lè rí ọ̀fẹ́ ṣe. Ó dùn wọ́n, àmọ́ wọ́n ń san án.

Àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan máa ń mú dandan íńtánṣípù kúrò fún ẹni tó ti ṣiṣẹ́ ìjọba rí. Kí akẹ́kọ̀ọ́ F-1 tó yọ̀ síyẹn, kó rántí pé dandan tí wọ́n mú kúrò yẹn lè jẹ́ ìpìlẹ̀ tí CPT rẹ̀ dúró lé. Tí kò bá sí kọ́ọ̀sì míì tó máa fi rọ́pò rẹ̀, kò ní rí CPT gbà.

Iṣẹ́ tó bá ju wákàtí 20 lọ lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń kà sí kíkún. Oṣù 12 irú rẹ̀ lórí CPT ń pa OPT, àǹfààní iṣẹ́ lẹ́yìn oyè, rẹ́ pátápátá; oṣù mẹ́ta kò ṣe é ní nǹkan kan.

Ní ti ibi tí wọ́n ti ń wá iṣẹ́, ìjọba àpapọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ti ìlẹ̀kùn mọ́ ẹni tí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ náà. Àṣẹ 11935 tí Ààrẹ Gerald Ford fọwọ́ sí ní 1976 ló wà nídìí rẹ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀, ìjọba ìlú, àwọn ilé ìwádìí bíi Brookings àti Urban Institute, àti Báńkì Àgbáyé ni ká wò. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá lè ti gba ìwé ìbéèrè kí ọdún tó parí, nígbà tí àwọn ìlú kéékèèké ṣì ń wá èèyàn ní oṣù Kẹta.

Níbi iṣẹ́, ilé ẹ̀kọ́ ń fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ìtúpalẹ̀: ìsúnná owó, dátà, mẹ́mò fún aláṣẹ. Fífi fáìlì pamọ́ kò kún un. Lópin rẹ̀, ìròyìn àti fọ́ọ̀mù ìgbéléwọ̀n ọ̀gá ló ń parí wákàtí náà. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ lójijì, ọ̀gá tuntun kì í sì í fẹ́ buwọ́ lu iṣẹ́ tí kò rí, nítorí náà ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn ni kí wọ́n ti gba ìbuwọ́lù.