Ibi tí iṣẹ́ ti ń há mọ́ ayàwòrán lọ́wọ́

Ìdána kan ní Ẹ̀pẹ́ lè bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀, kí alága ìjókòó àti alága ìdúró má tíì parí eré wọn títí di aago mẹ́ta. Fídíò 4K tí kámẹ́rà ń gbà ní mẹ́gábíìtì 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan (bíìtì mẹ́jọ ló ń ṣe báìtì kan) ń jẹ gígábáìtì 45 ní wákàtí kan. Bí wọ́n bá gba wákàtí mẹ́ta péré sílẹ̀ nínú òde náà, ó ti ju káàdì gígábáìtì 128 kan lọ. Ìgbà tí wọ́n bá yọ káàdì yẹn kúrò lára kámẹ́rà ni àkókò ayàwòrán bẹ̀rẹ̀ sí í ṣòfò. Síbẹ̀, kámẹ́rà tuntun ni púpọ̀ nínú wọn ń dá owó sílẹ̀ fún.

Kámẹ́rà ń kọ iṣẹ́ sínú káàdì, ríídà, ìyẹn ohun tí wọ́n ń ki káàdì bọ̀ láti so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, ń kó o láti inú káàdì sórí díìsìkì, kọ̀ǹpútà ń kà á láti orí díìsìkì kí ẹni tó ń gé fídíò lè ṣe é, lẹ́yìn náà ló máa dé ọwọ́ oníbàárà. Ibi tó bá lọ́ra jù lójú ọ̀nà yìí ni gbogbo ìyókù ń dúró dè. Ẹni tó ń fi àrọ tóóró rọ epo, garawa ńlá kò lè mú iṣẹ́ rẹ̀ yá.

Ríídà olówó pọ́ọ́kú tó ń lo USB 2.0, ìsopọ̀ àtijọ́ tó lọ́ra, kì í sábà kọjá mẹ́gábáìtì 35 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Yóò gbà tó wákàtí kan kó tó kó káàdì 128 tó kún tán. Bí wọ́n bá fi ti USB 3.0 rọ́pò rẹ̀, tí káàdì UHS-I (irú káàdì SD tó wọ́pọ̀) sì ń kà ní mẹ́gábáìtì 90 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, iṣẹ́ kan náà á di nǹkan bí ìṣẹ́jú 24. Agbára káká ni ohun mìíràn nínú báàgì ayàwòrán fi lè dá àkókò tó tó báyìí padà fún owó tó kéré báyẹn. UHS-II, irú káàdì tó yára jù ú lọ, tó ń sáré ní 250 máa parí rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé háàdì dísìkì tó ń yí, tí kì í kọ ju 110 lọ, ni wọ́n ń kó iṣẹ́ sí, ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án yẹn á padà di nǹkan bí ogún, owó UHS-II á sì wọgbó. SSD lásán (díìsìkì tí kì í yí) tó ń lo ìsopọ̀ SATA ń kọ ní nǹkan bí 500. Òun ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ rà kí wọ́n tó ra UHS-II.

Nọ́ńbà gàdàgbà tó wà lára káàdì, bí a bá ń ka nǹkan jáde ni wọ́n ń sọ, kì í ṣe bí a bá ń kọ nǹkan sí i. UHS-I fúnra rẹ̀ kì í kọjá 104, nítorí náà èyí tí wọ́n kọ 170 sí lára kò lè dé ibẹ̀ àyàfi nínú ríídà tí wọ́n dìídì ṣe fún un. Àmì V30 ló yẹ kí olùyafídíò máa wá: kò ní kọ ohun tó kéré sí mẹ́gábáìtì 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Mẹ́gábíìtì 100 tí a mẹ́nu bà lókè, mẹ́gábáìtì 12.5 péré ni, V30 sì ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ẹni tó ń ya fótò léraléra ní ọjọ́ Kayokayo, tí ìka rẹ̀ kò kúrò lórí bọ́tìnì, ló nílò káàdì tó yára jù bẹ́ẹ̀, torí pé bí ibi ìkópamọ́ inú kámẹ́rà bá ti kún, kámẹ́rà á máa fà títí káàdì á fi bá a. Ayédèrú káàdì sì pọ̀ lọ́jà. Ètò ọ̀fẹ́ kan wà tó ń jẹ́ H2testw: ó ń kọ nǹkan kún káàdì, ó sì ń kà á padà láti mọ̀ bóyá àyè tó wà lára páálí ló wà nínú rẹ̀ lóòótọ́. Láti Ẹ̀pẹ́ lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà jìnnà, nítorí náà kí wọ́n dán an wò ní ọjọ́ tí wọ́n bá rà á, kó má jẹ́ òde olóde ni àṣírí ti máa tú.

Bí láptọ́ọ̀pù bá ń kọ́sẹ̀ nígbà tí wọ́n ń gé fídíò, ó lè jẹ́ pé irú fáìlì náà ló fà á. H.265, ọ̀nà kan tí kámẹ́rà ń gbà fún fídíò pọ̀ kó lè kéré, kì í tọ́jú àwòrán kọ̀ọ̀kan lódindi. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn ló máa ń kọ, kọ̀ǹpútà ló sì máa tún wọn tò. Ojútùú rẹ̀ kò gba kọ́bọ̀: kí wọ́n ṣe proxy, ìyẹn ẹ̀dà fúyẹ́fúyẹ́ tí wọ́n á fi gé e, ètò náà á sì padà sórí ojúlówó nígbà tó bá ń gbé iṣẹ́ jáde. Premiere àti DaVinci Resolve, àwọn ètò tí wọ́n fi ń gé fídíò, ń ṣe é. Ó dára kí ènìyàn dán èyí wò kó tó ta láptọ́ọ̀pù rẹ̀.

Ti iná, bátìrì power station tó jẹ́ 500 wáàtì-wákàtí lè gbé láptọ́ọ̀pù tó ń jẹ wáàtì 65 fún nǹkan bí wákàtí mẹ́fà, kò sì ní pariwo bíi jẹnẹrétọ̀ sínú máíìkì.

Ìhà oníbàárà ni wọ́n máa ń gbàgbé. Fídíò gígábáìtì 20, lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń gbé nǹkan lọ ní mẹ́gábíìtì mẹ́jọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, máa gba wákàtí márùn-ún ààbọ̀, bí kò bá já. Fíláàṣì tí wọ́n bá fi lé ìyá ìyàwó lọ́wọ́ yára jù ú lọ. Èyí tó kúrú fún WhatsApp, kí wọ́n fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi document, torí pé bí wọ́n bá fi ránṣẹ́ bíi fídíò lásán, WhatsApp á fún un pọ̀, ẹwà rẹ̀ á sì dínkù. Owó fíláàṣì yẹn, inú iye tí wọ́n bá pè fún iṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ló yẹ kó wà.