Ẹsẹ̀ lásán lórí iyanrìn: bí ìjọ Sẹ̀lẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ ní Àjàṣẹ́

Láàárọ̀ ọjọ́ ìsinmi ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo ní ilẹ̀ Benin, ẹ wo ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ìjọ Sẹ̀lẹ́ (Celestial) tó wọ sùtánà funfun. Ìyá àgbà kan ń rìn bọ̀ létí títì, ó ń yà sórí iyanrìn nítorí pé ọ̀dà ti ń gbóná. Ọkùnrin kan jókòó sẹ́yìn zémìjan, ọ̀kadà ilẹ̀ wa, kò wọ bàtà. Ọ̀gá iléeṣẹ́ ìjọba dá mọ́tò rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, òun náà sọ̀ kalẹ̀ lẹ́sẹ̀ lásán. Tí wọ́n bá ti wọlé, kò sẹ́ni tó lè sọ èwo ló lówó nínú wọn. Bí ènìyàn bá bi mí pé kí ni Sẹ̀lẹ́ wá ṣe láyé, ibẹ̀ ni mo máa ń ní kó kọ́kọ́ wò.

Káfíńtà ló dá a sílẹ̀. Ọdún 1909 ni wọ́n bí Samuel Biléhou Oshoffa ní Àjàṣẹ́ níbí. Káfíńtà ni bàbá rẹ̀, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì sì ni. Ìyá rẹ̀ wá láti Ìmẹ̀kọ, ní ilẹ̀ Kétu tó bọ́ sí apá Nàìjíríà nígbà tí òyìnbó fa ààlà. Ẹ gbọ́ orúkọ náà dáadáa: Bíléwù, bí ilé bá wù ọ́, dúró. Bàbá náà ti sin ọmọ kó tó sọ ọ́. Ẹni tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí rí mọ̀ pé àdúrà ni.

Igi dúdú (ẹ́bónì) ni Oshoffa ń wá kiri igbó fún òwò rẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 1947, lásìkò tí oòrùn ṣú lọ́sàn-án gangan. Inú rírun mú ẹni tó ń tu ọkọ̀ fún un, òun sì ń gbàdúrà. Nǹkan bí oṣù mẹ́ta ló fi wà nínú igbó. Ìjọ sọ pé nígbà tó jáde, ó ń gbé ọwọ́ lé aláìsàn, ara wọn sì ń yá. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án, ọjọ́ Máíkẹ́lì mímọ́, ó wà nínú àdúrà nígbà tó rí ẹ̀dá abìyẹ́ kan tí ara rẹ̀ rí bí iná. Iṣẹ́ tó jẹ́ fún un rèé: ọ̀pọ̀ Krìstẹ́nì ló jẹ́ pé bí ìṣòro bá dé, ilé adáhunṣe ni wọ́n ń sá lọ, kó lọ wàásù, kó wo aláìsàn sàn, kí wọ́n lè dúró ti Krístì.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: ta ni wọ́n ń bá wí? Ìyá àbíkú ni, tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀, tó sì gba ẹ̀yìnkùlé lọ sọ́dọ̀ babaláwo lálẹ́. Ọkùnrin oníyàwó méjì náà wà níbẹ̀, tí àwọn ìjọ òyìnbó kì í fún ní oúnjẹ Olúwa. Oshoffa kò lé irú ẹni bẹ́ẹ̀ padà. Òun fúnra rẹ̀ fẹ́ ju ìyàwó kan lọ. Aláìsàn ń tẹ́ ẹní sí ilẹ̀ àánú lẹ́bàá ṣọ́ọ̀ṣì, aboyún tí ẹ̀rù ń bà náà ń sùn síbẹ̀. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni ìjọ náà ti bẹ̀rẹ̀, ju ibi tí a ti ń sun tùràrí lọ.

Nípasẹ̀ ọkùnrin kan, Alexandre Yanga, tí ẹ̀mí gbé, ni orúkọ ìjọ náà ti wá: Ìjọ Mímọ́ ti Krístì láti Ọ̀run Wá. Láti ẹnu àwọn Gùn (Ẹ̀gùn) àti Ànàgó, Yorùbá ilẹ̀ wa, ni orin rẹ̀ ti ń jáde. Àwọn apẹja láti ọ̀dọ̀ wa gbé e dé Makoko ní Èkó ní ọdún 1950, wọ́n sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Nàìjíríà ní 1958. Oshoffa kú ní 1985, wọ́n sin ín sí Ìmẹ̀kọ, ìlú ìyá rẹ̀. Ìjà ta ni yóò jókòó sípò rẹ̀ pín ìjọ náà yẹ́lẹyẹ̀lẹ, ó sì ń dùn mí.

Ohun mìíràn tó ń dùn mí nìyí. Ọmọbìnrin mi ń kọrin dáadáa, ó mọ Bíbélì ju mí lọ, ṣùgbọ́n obìnrin kì í gun pẹpẹ, bó bá sì ń ṣe nǹkan oṣù, ìta ló ń dúró. Ní ọjọ́ ìsinmi tó kọjá, ó jókòó lẹ́yìn ògiri nínú aṣọ ilé, ó ń gbe orin tó ń bọ̀ láti inú, ohùn rẹ̀ sì dé ọ̀dọ̀ wa nínú ṣọ́ọ̀ṣì.